Ọwọ́ Ìjẹun ní Pápá Kajú

Fi ọmọ náà sílẹ̀, Ìyá Tọ́pẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni mo na kúlíkúlí sí i, èmi kò sì sọ pé ọwọ́ tó fẹ́ fi gbà á kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó na ọwọ́ òsì, o gbá a lọ́wọ́ pàá, kúlíkúlí fọ́ sílẹ̀, àwọn èèrà ti ń pe ara wọn sí i báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé lo ń kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ èmi, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kan wà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di aláìwúlò nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ méjì péré tó ti ẹnu mi jáde ló sì fà á. Tọ́pẹ́, wá jókòó síbí. Ẹ̀yin yòókù, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná. Kò ní pẹ́. Bó bá sì pẹ́, ẹ fara dà á.

Bí mo bá ti ní "kẹ̀kẹ́" báyìí, ojú yín á ti lọ sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò láti Ìsọlọ̀ lọ sí Òṣòdì, èyí tó ń pariwo bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú. Ìyẹn kọ́ là ń wí. Kẹ̀kẹ́ tiwa, ẹsẹ̀ méjì ló ní, ẹni tó gùn ún sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Irin dúdú, ìjókòó aláwọ, kárìà lẹ́yìn, agogo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, bí ṣíìfù àárọ̀ bá fẹ́ wọlé ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Ìsọlọ̀, agogo kẹ̀kẹ́ ló ń jí àwọn tó ń gbé ẹ̀bá títì. Wọn á máa dún kíríń, kíríń, láti ìhà Ṣógúnlé bọ̀, wọn á pọ̀ sí i bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ẹni tó bá ṣì wà lórí ẹní á sì mọ̀ pé òun ti pẹ́. Mi ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ irú ìró yẹn kẹ́yìn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ Ìsinmi ló ní adùn. Pápá kan wà lápá ibẹ̀ nígbà náà, ó tóbi débi pé ẹni tó dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò lè dá ojú ẹni tó wà ní òpin mọ̀. Igi kajú ló yí i ká, ìyẹn la ṣe ń pè é ní Pápá Kajú. Kánsù ló ń gé koríko rẹ̀, àwọn náà ló mọ ìjókòó símẹ́ńtì sábẹ́ igi. Ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa kan yí gbogbo pápá po, àwọn kan á máa lọ, àwọn kan á máa bọ̀ lórí rẹ̀, ó sì ṣẹ́ kọ́nà lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán ńlá kan tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ wú. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti parí, tí a ti jẹun, a ó bọ́ aṣọ ńlá sílẹ̀, a ó gbé kẹ̀kẹ́. Àwọn tísà àti akọ̀wé tó wá láti Èkìtì àti Oǹdó, àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tó háyà yàrá kọ̀ọ̀kan káàkiri Ìsọlọ̀, onígbàgbọ́, Mùsùlùmí, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń pàdé. Bí Iléyá bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, àwọn tó pa ẹran á gbé ẹran díndín wá, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó ní ọdún mọ́. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ á gba ti ẹlòmíràn, á yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, á dá a padà.

Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ni kánsù fi ṣọ́ ibẹ̀. Bàbá Pápá là ń pè é. Ó kúrú, ó sì le bí ẹ̀kùrọ́. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè kọjá kó má fi àtàǹpàkò tẹ táyà rẹ̀ wò, kó fún bíréèkì rẹ̀, kó sì lu agogo rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ kò bá mú, á ní kí ẹni tó ni ín so ó mọ́ igi kajú, kó máa fẹsẹ̀ rìn ká. Á ní, "Ẹsẹ̀ tìrẹ ní bíréèkì, àbí kò ní?" Obìnrin tó bá ró ìró, á ní kó ṣán an kó le, kó má baà kó sí ṣéènì. Díákónì kan wà tó ní òun kò ní ká ṣòkòtò òun sókè, pé àgbàlagbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọmọdé. Kò tíì dé ìdajì pápá tí ṣéènì fi gbé ẹnu ṣòkòtò náà jẹ. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan àti ààbọ̀ ló wọ̀ délé, ìyàwó rẹ̀ sì bi í léèrè ibi tí ìyókù wà. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sí díákónì tí kì í ká ṣòkòtò.

Òfin Bàbá Pápá kò pọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ọ̀nà. Bí o bá bá ọmọ kékeré tàbí arúgbó níwájú, lu agogo lẹ́ẹ̀kan, dẹ ẹsẹ̀, kí o dúró dè é. Má lu agogo léraléra bí ẹni tí ń lé ẹyẹ lóko. Má gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn òjò, torí yẹ̀pẹ̀ pupa a máa yọ̀ bí ilá. Bí o bá dé kọ́nà tí ojú rẹ kò ríran kọjá rẹ̀, ṣe bí ẹni pé ẹnìkan ń bọ̀ lódìkejì. Mo ti dàgbà tó báyìí, mi ò tíì gbọ́ ìmọ̀ràn tó dára ju èyí tó kẹ́yìn yẹn lọ, ì báà jẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ tàbí nínú ìgbéyàwó.

Eré tí a fẹ́ràn jù níbẹ̀, eré ìjáfara ni. A ó tò, méje tàbí mẹ́jọ, a ó fa ìlà kan síwájú, ẹni tó bá kẹ́yìn dé ìlà náà ló jẹ. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kan ilẹ̀, o ti jáde. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rò pé ó rọrùn. Ẹ lọ gbìyànjú rẹ̀ wò. Àwọn géńdé tí itan wọn tóbi ló kọ́kọ́ máa ń ṣubú, torí wọn ò mọ bí a ti ń ṣe pẹ̀lẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó máa ń jẹ eré yìí jù ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́.

Ẹ ti mọ orúkọ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá yín àgbà ni, kó tó di ìyá ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ aṣọ híhun kan ní Ìsọlọ̀ ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Fítà ni mí, èmi ni mo ń tún ẹ̀rọ ṣe. Òun ń bẹ nídìí ẹ̀rọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa so òwú tó bá já. Ẹ̀rọ kì í dúró de èèyàn. Bí òwú bá já, o ní láti rí orí rẹ̀ méjèèjì mú, kí o ta á ní kókó kí aṣọ tó bàjẹ́. Ọwọ́ òsì ni Morẹ́nikẹ́ fi ń ta kókó tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó yá tó o nínú gbogbo wọn. Mo ti dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, mo fi ojú mi rí i. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti so ó. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, á kọ ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn, á fi ọwọ́ òsì kan náà jẹun kíákíá, torí ojú ayé. Mo mọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, pé mo mọ̀.

Ìyá rẹ̀, opó kan tó wá láti Oǹdó, ti sa gbogbo ipá rẹ̀ lórí ọwọ́ yẹn. Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ wà ní kékeré, ó fi aṣọ dì í mọ́ ara, ó fi ata pa á, ó fi pàṣán bá a sọ̀rọ̀. Ó máa ń sọ pé òsì kò jìnnà sí òṣì. Ọmọ gbọ́, ọwọ́ kò gbà. Ibi tó kọjú sí kò yí padà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ títì. Nígbà náà, ọwọ́ òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, òtítọ́ ni. Àwọn òyìnbó ló fi bẹ́ẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ọkọ̀ tuntun ń ya wọ Èkó lójoojúmọ́, ìjọba wá ní ó tó gẹ́ẹ́, pé láti ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1972, ọwọ́ ọ̀tún ni kí gbogbo ọkọ̀ máa gbà. Rédíò kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Àwọn kan ní ìjọba fẹ́ pa wá tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyá Morẹ́nikẹ́ ní tirẹ̀ ní ohun tó dára jù tí ìjọba tíì ṣe nìyẹn, pé àwọn náà ti wá mọ̀ pé òsì kò dára.

Bàbá Pápá pè wá jọ lábẹ́ igi. Ó ní, "Ojú títì ni pápá yìí ń tẹ̀lé. Ẹni tó bá ń gba òsì níbí lọ́jọ́ Ìsinmi, òsì náà ni yóò gbà lójú títì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lọ́rì ni yóò sì kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ibí ni a ó ti kọ́ ọ." Ó wá kọjú sí mi. Ó ti pẹ́ tó ti fún mi ní fèrè kan, èmi ni mo máa ń dúró nídìí ọ̀gán láti kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lọ́tùn-ún lósì tí wọn kò rí ara wọn. Wọ́n tilẹ̀ ń pè mí ní Bọ̀dá Onífèrè. Ó ní kí n wá ọ̀nà tí gbogbo èèyàn á fi tètè mọ ibi tí wọn ó yà sí.

Kò rọrùn. Bí o bá pariwo "ọ̀tún" sí ẹni tí ẹ̀rù ń bà lórí kẹ̀kẹ́, á kọ́kọ́ ronú èwo ni ọ̀tún, kó sì tó ronú tán, ó ti dénú koríko. Àwọn ọmọdé tilẹ̀ tún burú. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo pariwo, "Ọwọ́ ìjẹun!" Àfi bí idán. Kò sí ẹni tó ń ronú kó tó mọ ọwọ́ tó fi ń kó oúnjẹ sẹ́nu. Tọmọdé tàgbà, ará oko, ará ìlú, gbogbo wọn ń yà sí ọ̀tún bí ọmọ ológun. Bàbá Pápá, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, ní, "Orí rẹ pé." Mo wú bí búrẹ́dì. Ohun tí mo ń wú lé lórí yẹn kò jẹ́ kí n rántí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Morẹ́nikẹ́ wà ní ṣíìfù lọ́jọ́ Sátidé yẹn.

Ẹ̀yin ń lọ sí etíkun lọ́jọ́ kejì Àjíǹde. Àwa, Gálílì là ń lọ, torí Bíbélì ní Gálílì ni Olúwa ti lọ pàdé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn tó jíǹde. Gálílì tiwa ni Pápá Kajú. Ní ọjọ́ yẹn, ìrẹsì àti ẹran díndín wà lábẹ́ gbogbo igi, àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń kọrin, àwọn ọmọdé wọ bàtà tuntun, kajú ti pọ́n, oje rẹ̀ ti ba aṣọ funfun jẹ́ lára àwọn tí kò gbọ́ ìkìlọ̀. Ọjọ́ kejì tí títì yí padà ni. Olúkúlùkù ló ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Òṣòdì lánàá, bí àwọn dírẹ́bà ṣe ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin.

Morẹ́nikẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀. Bàbá Pápá tẹ táyà rẹ̀, ó fún bíréèkì, ó ní kó máa lọ. Lódìkejì ọ̀gán, olùkọ́ kan tó wá láti Èkìtì, Tísà là ń pè é, ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́ mọ́ínmọ́ín tó so mọ́ kárìà. Mo rí àwọn méjèèjì. Wọn ò rí ara wọn. Mo fọn fèrè, mo sì pariwo tagbáratagbára, "Ọwọ́ ìjẹun! Ọwọ́ ìjẹun!" Tísà yà sí ọ̀tún. Morẹ́nikẹ́ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó yà sí òsì.

Wọ́n kọlu ara wọn gbàà. Mọ́ínmọ́ín fò dé orí koríko. Orúnkún Tísà bó, rímù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wọ́. Ṣùgbọ́n Morẹ́nikẹ́ ti fi ọwọ́ òsì gbára lé ilẹ̀ nígbà tó ń ṣubú. Nígbà tí mo sáré dé ibẹ̀, ọrùn ọwọ́ náà ti tẹ̀ síbi tí Ọlọ́run kò dá a sí. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ọwọ́ náà, ó sì ń wò mí.

Kí a tó gbé e kúrò nílẹ̀ ni àwọn èèyàn ti dá ẹjọ́ náà. "Títì àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀." "Wọ́n ní ọ̀tún, ó ń lọ sí òsì, kí lèèyàn ó ti wí?" Ẹnìkan tilẹ̀ ní ọmọ náà kì í gbọ́ràn láti kékeré. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, mi ò la ẹnu mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ti balẹ̀, ó ti fọ́, mo sì ń fi ẹsẹ̀ bo èèpo rẹ̀.

Bàbá kan wà ní Ṣógúnlé tó ń to eegun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la gbé e lọ. Ó fi pákó ọparun wẹ́wẹ́ há ọwọ́ náà láàárín, ó dì í, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní eegun á so, ìyẹn kò le, ṣùgbọ́n ìka ni òun kò lè ṣe ìlérí lé lórí. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá ẹ̀ka ìhunṣọ ní wọ́n á di àyè rẹ̀ mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí kò bá lè ta kókó lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ òun àti ìyá rẹ̀. Òun ló tún ń rán àbúrò rẹ̀ níléèwé.

Mo ń lọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́ bí mo bá kúrò níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta tí mo lọ, ìyá rẹ̀ dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run tóbi o! Ohun tí pàṣán kò ṣe, kẹ̀kẹ́ ti bá mi ṣe é. Wá wò ó." Ó fà mí wọlé. Morẹ́nikẹ́ jókòó ti abọ́ ẹ̀bà, ọwọ́ òsì nínú ọparun, ó ń fi ọ̀tún jẹun. Ọbẹ̀ ti kán sí i láyà. Òkèlè ń bọ́ kó tó dé ẹnu. Ìyá rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ọwọ́ òsì ti sùn, kó má jìí mọ́ láéláé!" Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, mà á wọ inú rẹ̀ lọ tọkàntọkàn.

Nígbà tí ìyá jáde lọ pọn omi, Morẹ́nikẹ́ gbé abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Bọ̀dá Onífèrè, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ wo lẹ ní kí n yà sí lọ́jọ́ Gálílì?"

Mo ní, "Ọ̀tún ni."

"Ẹ ò pe ọ̀tún. Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ pè. Ohun tẹ́ ẹ pè gan-an ni mo ṣe." Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ ti dúró ti máṣíìnì mi. Ẹ mọ ọwọ́ tí mo fi ń jẹun. Kí ló wá dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé mi ò gbọ́ràn?"

Mo sọ fún un pé mi ò rántí nígbà tí mo pariwo, òótọ́ sì ni. Ó ní, "Ìyẹn ti ọjọ́ yẹn. Ti òní ńkọ́?" Mo gbé fìlà mi, mo lọ sílé. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ń wo ọwọ́ mi méjèèjì.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, nígbà tí pápá ti kún, mo gun orí ìjókòó símẹ́ńtì, mo fọn fèrè títí gbogbo kẹ̀kẹ́ fi dúró. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Morẹ́nikẹ́ kò ṣe àìgbọ́ràn. Ọwọ́ òsì ni ọwọ́ ìjẹun rẹ̀, mo sì mọ̀. Èmi ni mo darí rẹ̀ sí òsì. Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́." Tísà tí orúnkún rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń bú ọmọ ọlọ́mọ látọjọ́ yìí." Bàbá Pápá na ọwọ́, ó ní kí n gbé fèrè wá. Ó ní, "Ìgbà tí o bá rí ìpè tí kò ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, kí o wá gbà á."

Mo lọ sọ fún ìyá rẹ̀ náà. Ìyẹn ló le jù. Ó ní, "Ṣé kí ó padà sí òsì lo fẹ́ ni?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ yẹn ló fi ń so òwú. Bó bá sùn, iṣẹ́ ti lọ." Ó gbé ìkòkò omi rẹ̀, ó bá ti ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, tí bàbá Ṣógúnlé tú ọparun, tí ọwọ́ náà jáde ní funfun, ó gbẹ, ìka kò sì ká dáadáa, ìyá yẹn ló gbé omi gbígbóná àti òrí wá. Ó ń wọ́ ọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo bá a lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó fi ọwọ́ méjèèjì ọmọ rẹ̀ sínú abọ́ kan náà, tó ń sọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ wí, "Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́." Mo yí padà, mi ò wọlé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó padà síbi iṣẹ́ nígbà tó wá sí pápá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Ó mú ìdì òwú pupa kan dání, àjákù òwú tí ilé iṣẹ́ máa ń dà nù. Ó lọ bá Bàbá Pápá, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká so èyí mọ́ apá ọ̀tún gbogbo kẹ̀kẹ́. Kí Bọ̀dá máa pe òwú pupa. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ á ṣì í, ì báà máa fi imú jẹun." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó gé òwú kan, ó tẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́ Tísà, ó sì gbé ọwọ́ òsì rẹ̀.

Ẹ̀rín tán. Gbogbo wa la mọ ohun tí a ń wò. Òwú náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó tún bọ́. Mo fẹ́ lọ ràn án lọ́wọ́, Bàbá Pápá fi apá dínà mi. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi àtàǹpàkò há orí òwú kan, ìka ìlábẹ̀ yí èkejì po, díẹ̀díẹ̀, àfi bí ẹni tó wà nínú eré ìjáfara, kókó náà sì so. Ó fà á wò. Ó le. Tísà ló kọ́kọ́ lu agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé e lu tirẹ̀, kí a tó mọ̀, gbogbo agogo inú pápá ti ń dún. Morẹ́nikẹ́ so òwú mọ́ kẹ̀kẹ́ tó kù títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń yára sí i bó ṣe ń so wọ́n. Wọn ò fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Èmi náà ti mú nǹkan tèmi dání lọ́jọ́ náà: kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni agogo wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà wà lọ́dọ̀ mi fún àtúnṣe, mo ti tú agogo náà, mo sì ti dè é mọ́ òsì. Ó rí i, kò sọ̀rọ̀. Ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ ti ń rántí báyìí." Ìgbà tí ó fẹ́ mi, torí òun ló fẹ́ mi, kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ ẹ, ìyá rẹ̀ sọ fún àwọn ẹbí wa pé ẹni tó ṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun ló yẹ kó máa jẹ oúnjẹ tí ọwọ́ náà bá sè.

Kẹ̀kẹ́ kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Owó epo pọ̀ sí i, ìjọba fi kún owó oṣù, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ra alùpùpù, àwọn tó ń gun alùpùpù ti ra ọkọ̀. Títì ńlá já, lọ́rì kò jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ méjì rí ọ̀nà. Wọ́n wá yí Pápá Kajú ká, wọ́n gé igi, wọ́n wú ọ̀gán, wọ́n kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀. Bàbá Pápá ti kú nígbà náà, ó dára bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé ayé ìgbà yẹn dára ju tiyín lọ. Omi ẹ̀rọ kò dé ọ̀dọ̀ wa, ibà sì ń pa ọmọdé. Ṣùgbọ́n ní Ìsọlọ̀ lónìí, ibo lèèyàn ti lè lọ jáfara títí tí wọ́n á fi yìn ín?

Tọ́pẹ́, ọmọ mi, bá mi ṣí dúróà yẹn. Nǹkan tó wà nínú aṣọ, gbé e wá. Ó ti dípẹtà díẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ̀ ẹ́ wò... Ẹ gbọ́ ọ? Bó ṣe ń dún nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti lọ tipẹ́, agogo nìkan ni mo tú mú. Ìyá yín àgbà fi ọwọ́ òsì yẹn so òwú títí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́, ó fi gbé gbogbo bàbá yín pọ̀n, òun náà ló fi di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ tó lọ. Kò sí ẹlòmíràn nínú ìran yìí tó jogún rẹ̀ àfi ìwọ.

Dá a padà fún mi ná, kí n lè fún ọ bó ṣe yẹ. Ìyá Tọ́pẹ́, máa wò wá, má sọ̀rọ̀. Òsì ni èmi náà fi nà án. Ó yá, gbà á, Tọ́pẹ́. Ọwọ́ ìjẹun rẹ ni kí o fi gbà á.